Ọkùnrin tó mọ bí a ṣe ń ka 41

Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ ni mò ń gba orí Bay Bridge láti Oakland lọ sí San Francisco, nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì alẹ́ ni mò ń ṣe. Bí mo bá ti kọjá ibi tí wọ́n ti ń gba owó afárá, màá gun abala àkọ́kọ́, èyí funfun tí wọ́n ṣí ní 2013. Lẹ́yìn náà ni màá wọ ihò tí wọ́n gbẹ́ gba inú òkè erékùṣù Yerba Buena. Bí mo bá ti ń yọ lódì kejì báyìí, gbogbo San Francisco á kàn ṣàdédé dúró síwájú mi pẹ̀lú iná rẹ̀. Abala tí mo wà lórí rẹ̀ nígbà náà, láti erékùṣù yẹn títí wọ ìlú, òun ni wọ́n fi orúkọ Willie L. Brown Jr. pè.

Nígbà tí màmá mi wá kí mi láti Abẹ́òkúta, mo gbé wọn gba ibẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, kò sì sí pátákó tí wọ́n máa rí tí wọn ò ní kà sókè. Wọ́n ka èyí náà. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Abẹnugan ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin California ni wọ́n nígbà kan, Mà. Wọ́n tún ṣe méyọ̀ San Francisco."

"Abẹnugan kẹ̀? Ṣé kì í ṣe gómìnà ni?"

"Wọn ò ṣe gómìnà rí, Mà."

Wọ́n wo àwọn òpó irin gàgàrà tó gbé afárá náà dúró, wọ́n wo omi nísàlẹ̀, wọ́n ní, "Abẹnugan wo ló tó báyìí?" Kí n tó rí èsì fọ̀, a ti já sí ìgboro, ọ̀rọ̀ mìíràn sì ti gba ẹnu wa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Orí ìṣirò ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ilé aṣòfin méjì ni California ní: Senate tí èèyàn 40 wà níbẹ̀, àti Assembly tí èèyàn 80 wà níbẹ̀. Abẹnugan ni olórí Assembly. Kì í ṣe ará ìlú ló ń dìbò yàn án sípò yẹn; àwọn 80 náà ló ń yan ọ̀kan nínú ara wọn, ẹni tó bá sì rí 41 ló gbà á. Ètò yìí ò ṣàjèjì sí wa. Òfin ìpìlẹ̀ 1979 ló gbé irú ìṣèjọba Amẹ́ríkà wọ Nàìjíríà, tí gómìnà wà lọ́tọ̀, tí abẹnugan wà lọ́tọ̀. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa, èèyàn 26 ló wà nílé aṣòfin, 14 ló sì ń gbé abẹnugan dé orí àga.

Ohun tó mú ti California le nígbà náà ni bí agbára ṣe pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá wà níbẹ̀. Òun ló ń yan àwọn alága ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó, òun ló ń pín ọ́fíìsì, òun ló ń pín òṣìṣẹ́. Bó bá bínú sí aṣòfin kan, yàrá tí ẹsẹ̀ ò ti ní nà tán ni ẹni náà á ti máa ṣiṣẹ́. Bó bá fẹ́ràn rẹ̀, owó ìpolongo ìbò ò ní wọ́n ọn. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ lórí irú àga bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà lọ́kàn èèyàn 41, kó sì mọ̀ ọ́n lónìí, kó tún mọ̀ ọ́n lọ́la, torí ọkàn èèyàn kì í dúró sójú kan.

Willie Brown pẹ́ níbẹ̀ tó ọdún 15 ó dín díẹ̀, láti oṣù Kejìlá 1980 títí di oṣù Kẹfà 1995. Kò tíì sí ẹni tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Mineola ni wọ́n ti bí i, ìlú kékeré kan ní ìlà-oòrùn Texas, ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta 1934. Ọ̀tọ̀ ni ilé ìwé ọmọ òyìnbó nígbà náà, ọ̀tọ̀ ni ti ọmọ adúláwọ̀. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ilé fún àwọn òyìnbó ní Dallas, ìyá àgbà ló sì tọ́ ọ dàgbà ní Mineola. Ó dán bàtà fún àwọn òyìnbó, ó ṣiṣẹ́ oko. Ibi tí mo ka ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yìí dé ni mo ti pa ìwé dé fúngbà díẹ̀, torí ìyá àgbà ló tọ́ èmi náà títí mo fi pé ọmọ ọdún 11, nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ màmá mi lọ sí ìlú tó jìnnà. Ọmọ tó bá dàgbà lọ́dọ̀ ìyá àgbà máa ń tètè mọ ojú àgbà kà. Á mọ ìgbà tí wọ́n ń bínú kí wọ́n tó lanu. Á mọ ohun tí àlejò wá tọrọ kí àlejò tó jókòó. N ò lè búra pé ibẹ̀ ni Brown ti kọ́ṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀.

Ní 1951 ó kó ẹrù rẹ̀ lọ bá arákùnrin ìyá rẹ̀ ní San Francisco, ọkùnrin kan tó jẹ́ pé tẹ́tẹ́ ló fi ń jẹun. Stanford ló wù ú, San Francisco State ló gbà á. Nígbà tó dé ilé ẹ̀kọ́ òfin, òun àti akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ George Moscone jọ ń gbálẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n lè rí owó gbọ́ bùkátà. Moscone yìí ló wá di méyọ̀ San Francisco lẹ́yìn ọ̀la, òun ni wọ́n yìnbọn pa sínú ọ́fíìsì rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 1978. Brown di lọ́yà ní tirẹ̀, àmọ́ àwọn ilé iṣẹ́ lọ́yà ńláńlá ò ráyè adúláwọ̀ nígbà náà. Àwọn aṣẹ́wó àti àwọn tí ọlọ́pàá ń kó lójú títì ló ń bá rojọ́. Ní 1961, òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ wo ilé tuntun kan tí wọ́n fẹ́ tà ní àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Forest Knolls. Bí àwọn tó ń tà á ṣe rí wọn ni wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Brown jókòó síbẹ̀, ó ní òun ò lọ. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá jókòó tì í. Láti ọjọ́ yẹn ni orúkọ rẹ̀ ti di mímọ̀ nígboro.

Ó du ìjókòó Assembly ní 1962, ó fìdí rẹmi. Ìbò tí ẹnì kejì fi jù ú lọ ò tó 1,000. Ó tún lọ ní 1964, ó wọlé. Nígbà tí wọ́n sì ní kí àwọn aṣòfin yan abẹnugan ní ìbẹ̀rẹ̀ 1965, ọmọdé aṣòfin yìí kọ̀, kò dìbò fún Jesse Unruh, ọkùnrin tí gbogbo ilé ń wárìrì fún.

Ọdún 1974 ni mo máa ń ronú lé jù. Abẹnugan tó wà níbẹ̀ nígbà náà, Bob Moretti, ń lọ du ipò gómìnà. Brown ló jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí owó ìpínlẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ìwé ìṣúná tó o. Ó ka èèyàn rẹ̀, ó rí i pé ó pé. Àmọ́ Leo McCarthy, tí òun náà wá láti San Francisco, ti ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ ìdìbò, àwọn kan nínú àwọn aṣòfin adúláwọ̀ àtàwọn kan nínú àwọn tí ìdílé wọn wá láti Mẹ́síkò bá McCarthy lọ. Wọ́n ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe sọ ọ́ nígbà náà. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀ tán. Ohun tí mo rí ni pé Brown ka àwọn èèyàn mọ́ tirẹ̀ nítorí àwọ̀ ara wọn, kò sì béèrè lọ́wọ́ wọn ohun tí wọ́n fẹ́. McCarthy béèrè.

Ìyà rẹ̀ ò pẹ́ dé. Wọ́n gba ipò alága lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún un ní ọ́fíìsì kótópó kan. Òun tó ti ń pín bílíọ̀nù wá di ẹni tí kò rí akọ̀wé lò dáadáa.  Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń ràn èèyàn lọ́wọ́ lórí àbá òfin wọn, títí tí McCarthy fúnra rẹ̀ fi tún gbé e sípò alága ìgbìmọ̀ owó orí, tó sì wá sọ ọ́ di olórí àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ Democrat nínú ilé.

Nígbà tó wá di 1980, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin McCarthy àti Howard Berman, Democrat làwọn méjèèjì. Wọ́n fi odindi ọdún kan jà á. Nígbà tí ìbò oṣù Kọkànlá kọjá, Berman ló ní èèyàn jù nínú ẹgbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n kò ní 41. Ibẹ̀ ni Brown ti wọlé. Ó lọ bá àwọn Republican, ẹgbẹ́ tó ń ta ko tirẹ̀, ó béèrè ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Berman ni wọ́n ń bẹ̀rù, pé bí wọ́n bá fẹ́ tún ẹkùn ìdìbò pín, yóò pín wọn dànù. Wọ́n fẹ́ òṣìṣẹ́, wọ́n fẹ́ ipò nínú àwọn ìgbìmọ̀, wọ́n fẹ́ kí wọ́n máa fi ojú èèyàn wo àwọn. Brown ní àwọn á jọ ṣe é. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 1980, Republican 28 àti Democrat 23 dìbò fún un. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 51. Ọmọ ìyá àgbà Mineola di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó jẹ́ abẹnugan ní California, ọwọ́ ẹgbẹ́ alátakò ló sì ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú ìbò rẹ̀.

Ohun tó ṣe fún Berman lẹ́yìn náà ló wú mi lórí ju ìbò yẹn lọ. Nígbà tí wọ́n pín ẹkùn ìdìbò tuntun fún ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Washington, àyè yọ fún Berman àti àwọn èèyàn rẹ̀ kan, wọ́n sì gba ibẹ̀ lọ ní 1982. Ọ̀tá kúrò nílé, ó tún dúpẹ́. Àwọn Republican ni inú wọn ò dùn sí bí wọ́n ṣe pín ẹkùn náà. Wọ́n ní Brown ti yẹ àdéhùn. Mo gbà pé wọ́n lẹ́jọ́ tí wọ́n lè rò.

Ó lo agbára yẹn fún ohun tó dára. Èmi nọ́ọ̀sì ni mò ń sọ ọ́: òfin tó ní kí gbogbo ẹni tó bá wọ mọ́tò ní California máa de bẹ́líìtì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986, Willie Brown ló gbé e wá sílé. Ọdún yẹn kan náà ni àbá òfin aṣòfin kan tó ń jẹ́ Maxine Waters kọjá, pé kí ìpínlẹ̀ kó owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa ṣòwò. Gómìnà Deukmejian, tó jẹ́ Republican, ti kọ irú rẹ̀ ní 1985. Ní 1986 ó buwọ́ lù ú. Mo sọ èyí fún màmá mi, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní àwọn náà rántí ìgbà tí wọ́n ń gé díẹ̀ lára owó oṣù àwọn tíṣà ní Nàìjíríà fún South Africa. Wọ́n ní, "Ṣé owó wa àti tiwọn jọ pàdé níbẹ̀ nìyẹn?"

Mo fẹ́ kí n lè dá ọ̀rọ̀ dúró níbẹ̀. Ẹ̀rí ọkàn mi ò jẹ́.

Ilé oúnjẹ àwọn Ṣáínà kan wà ní Sacramento, olú ìlú California, kò jìnnà sí ilé aṣòfin, Frank Fat's lorúkọ rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù Kẹsàn-án 1987, nígbà tí ilé ku díẹ̀ kó wọ ìsinmi, àwọn aṣojú lọ́yà, àwọn aṣojú dókítà, àwọn adójútòfò àti àwọn oníléeṣẹ́ ńláńlá pàdé lókè ilé oúnjẹ náà. Ọdún gbọọrọ ni wọ́n ti fi ń bára wọn jà lórí ẹni tó lè pe ẹni lẹ́jọ́ àti iye tó lè gbà. Brown wà níbẹ̀. Bill Lockyer láti Senate wà níbẹ̀ náà, ó ń lọ láti tábìlì dé tábìlì, ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu tọ̀tún tòsì. Nígbà tí wọ́n fẹnu kò, Lockyer kọ àdéhùn náà sórí aṣọ ìnuwọ́ funfun tí wọ́n fi ń jẹun. Láàrin wákàtí díẹ̀, ohun tó wà lórí aṣọ ìnuwọ́ yẹn ti ń di òfin nílé méjèèjì.

Ọ̀kan nínú ohun tó wà níbẹ̀ ni pé tábà jẹ́ ọjà tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ pé ó léwu, nítorí náà ẹni tó bá mu ún tó sì ṣàìsàn ò ní rí ilé iṣẹ́ sìgá pè lẹ́jọ́. Ọdún 10 ni òfin yẹn fi wà kí wọ́n tó yí i padà ní 1997. Brown sì wà lára àwọn olóṣèlú tó gba owó ìpolongo tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ sìgá ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà.

Yàrá àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró ń dà láàmú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo tọ́jú bàbá kan níbẹ̀ tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ẹrù ní èbúté, bẹ́ẹ̀dì 7 ló wà. Rọ́bà ọ́síjìn ti fa ojú ọgbẹ́ sẹ́yìn etí rẹ̀ méjèèjì, mo máa ń fi òwú kékeré sábẹ́ rẹ̀ kó má bàa máa ta á. Kò lè sọ gbólóhùn kan tán láì mí lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ó á ní, "Nọ́ọ̀sì," á mí, "omi," á tún mí. Mo ka iye ìgbà tó ń mí ní ìṣẹ́jú kan, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo tún padà lọ kà á lẹ́yìn wákàtí kan. Iṣẹ́ tèmi náà, ìṣirò ni. Lórí òkè ilé oúnjẹ yẹn, gbogbo ẹni tí wọ́n kà ló ní aṣojú níbẹ̀. Bàbá yìí ò ní.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wá mọ ibi tí ọgbọ́n Brown parí sí. Kò sí ẹni tó mọ èèyàn 80 yẹn tó o. Ó ń gba ìbínú tí ìwé ìròyìn bá fẹ́ fi bá wọn jà sórí ara rẹ̀. Ní 1988, nígbà tí Democrat márùn-ún dìde sí i tí wọ́n fẹ́ dara pọ̀ mọ́ àwọn Republican láti yọ ọ́, àwọn yòókù ò fi í sílẹ̀. Ọlọ́pàá àpapọ̀ FBI ṣe ìwádìí abẹ́lẹ̀ nílé yẹn lọ́dún bíi mélòó kan, àwọn aṣòfin kan ṣẹ̀wọ̀n, wọn ò fẹ̀sùn kan Brown. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà níta ilé ò sí nínú 80.

Àwọn yẹn náà ló wá ka tiwọn. Ní oṣù Kọkànlá 1990, àwọn olùdìbò California gba Proposition 140 wọlé, òfin tí ará ìlú fúnra wọn dìbò lé: ọdún 6 péré ni èèyàn lè lò ní Assembly, ọdún 8 ní Senate. Gbogbo ayé ló mọ ẹni tí wọ́n ní lọ́kàn. Láti ìgbà náà, abẹnugan ń wá, abẹnugan ń lọ, kí èèyàn tó mọ orúkọ wọn tán wọ́n ti kúrò. Ní 2012 wọ́n sún un sí ọdún 12 lápapọ̀. Èmi ò mọ èyí tó sàn. Ẹni tó bá pẹ́ jù á gbàgbé ẹni tó wà níta. Ẹni tí kò bá pẹ́ tó á máa béèrè ohun gbogbo lọ́wọ́ aṣojú àwọn oníléeṣẹ́, torí àwọn nìkan ló kù tó mọ ibi tí a ti ń bọ̀.

Mo ti jókòó ní òkè ilé náà rí, níbi tí ará ìlú ti lè wòran. Ewéko ni àwọ̀ kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, àwòrán Lincoln wà lókè níwájú. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti omi ni wọ́n ń sọ lọ́jọ́ yẹn, oorun ń kun ọ̀pọ̀ wa. Àmọ́ ọjọ́ mìíràn ni mò ń wò lọ́kàn mi: ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá 1994. Àwọn Republican ti rí 41 gẹ́lẹ́ nínú ìbò oṣù tó kọjá, Democrat 39. Jim Brulte ni wọ́n fẹ́ fi jẹ abẹnugan, àwọn oníròyìn sì ti kọ ìròyìn ìgbẹ̀yìn Brown sílẹ̀. Akọ̀wé ilé ń pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú ń dáhùn. Ó kan Paul Horcher, Republican láti gúúsù ìpínlẹ̀ náà. Ó ní, "Brown."

Ó di 40 sí 40. Ilé dàrú. Ó tó ọ̀sẹ̀ méje kí wọ́n tó yanjú ẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n yọ Republican kan, Richard Mountjoy, tó ti wọlé sí Senate tí kò sì tíì fi ìjókòó rẹ̀ ní Assembly sílẹ̀. Ilé wá ku èèyàn 79, 40 sì ti tó. Brown tún jókòó sórí àga. Nígbà tó sì di oṣù Kẹfà 1995 tó fẹ́ lọ du ipò méyọ̀, ó fi ìbò àwọn Democrat gbé Doris Allen dé ipò náà, Republican tí ìbò kan ṣoṣo tó ti inú ẹgbẹ́ tirẹ̀ wá jẹ́ èyí tó dì fúnra rẹ̀. Obìnrin náà ò pẹ́ níbẹ̀; kí ọdún tó parí, àwọn ará ẹkùn rẹ̀ ti dìbò yọ ọ́ kúrò nílé aṣòfin. Ó ń dùn mí bí mo bá rántí rẹ̀. Òun ló san gbèsè ìṣirò ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ tí màmá mi ń padà sílé, afárá yẹn náà la tún gbà lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Bí a ṣe yọ nínú ihò òkè, wọ́n tún ka pátákó náà sókè. Mo wá sọ ìtàn Horcher fún wọn, torí òun ló sún mọ́ èsì ìbéèrè wọn jù.

Wọ́n ní, "Ọkùnrin tó pe Brown yẹn, kí ló padà gbẹ̀yìn rẹ̀?"

"Àwọn ará ẹkùn rẹ̀ bínú, Mà. Wọ́n dìbò yọ òun náà ní oṣù Karùn-ún 1995."

"Brown wá ńkọ́?"

"Nígbà tó di méyọ̀, ó fún un níṣẹ́ ní San Francisco."

Wọ́n mi orí, wọ́n gbá ọwọ́ lé àpò wọn. "Ó rántí rẹ̀," ni wọ́n wí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Alẹ́ ọjọ́ yẹn mo níṣẹ́, mo sì ti ń ronú bóyá wọ́n ti pààrọ̀ òwú ẹ̀yìn etí bàbá bẹ́ẹ̀dì 7.